Ọmọ Mẹ́ta, Ọjọ́ Mẹ́rin, Ìlú Kan: Ètò Ìsinmi Ẹbí Láti Ìwó sí Ìbàdàn

Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ bá ti wọ ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ ní ìparí oṣù keje, ìbéèrè kan náà ni ó máa ń jáde lẹ́nu ọ̀pọ̀ òbí: kí ni a ó fi àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe títí wọn yóò fi wọlé padà? Àwọn kan a fi ọmọ sí lẹ́sìn, àwọn kan a fi wọ́n ránṣẹ́ sí ìyá àgbà, àwọn mìíràn a mú ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kí ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Gbogbo rẹ̀ ni ó dára. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ wa ti yọ kúrò nínú ìṣirò wa pátápátá. Èyí ni kí bàbá, ìyá àti ọmọ jọ jáde nílé fún ọjọ́ díẹ̀, kí wọ́n lọ wo ìlú mìíràn, láìjẹ́ pé ìnáwó ìgbéyàwó tàbí òkú àgbà ni ó gbé wọn lọ.

N kò dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ní ọjọ́ 29, oṣù karùn-ún, ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ. Lítà epo tí kò tó 200 náírà sún mọ́ 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó sì tún gorí ìyẹn lọ lẹ́yìn náà. Láti ìgbà náà, owó ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ ń dẹ́rù ba ènìyàn kí a tó sọ ti oúnjẹ. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, àwòrán tí a ń rí lórí Facebook àti Instagram ti mú kí ọ̀pọ̀ gbà pé Dubai tàbí London nìkan ni ibi ìgbafẹ́, pé ẹni tí kò bá wọ bàálù kò tíì rin ìrìn-àjò. Báyìí ni ọmọ Ìwó yóò ṣe pé ọdún 16 tí kò ní mọ̀ ju ibùdókọ̀ Ìwó Road lọ nínú gbogbo ìlú Ìbàdàn. Àwọn àgbà sì wí pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn ni yóò sọ pé kò sí oko tí ó tó ti bàbá òun.

Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi ta èmi àti ọkọ mi lọ́rẹ. Èyí àgbà jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 16. Ó ti ṣe ìdánwò WAEC àti ti JAMB, ó sì ń retí ìwé ìgbaniwọlé sí yunifásítì. Èyí tí ó tẹ̀lé e jẹ́ ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, tí kì í dákẹ́ ìbéèrè. Àbíkẹ́yìn wa jẹ́ obìnrin, ọmọ ọdún 4, tí ó ṣì ń sùn ní ọ̀sán. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti mú irú àwọn ọmọ mẹ́ta báyìí jáde lẹ́ẹ̀kan náà yóò mọ ibi tí ìṣòro wà. Ohun tí yóò mú inú ọmọ ọdún 4 dùn ni yóò sú ọmọ ọdún 16. Ibi tí ẹ̀gbọ́n yóò fẹ́ rìn dé, àbúrò kò ní í lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn ín. Mo ti rí òbí tí ó torí èyí sọ pé kí gbogbo wọn kúkú jókòó sílé. Èmi rò pé ọ̀rọ̀ náà jọ ti òwe tí ó ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Òwe náà kò sọ pé kí a ju pẹpẹ àti kèrègbè nù. Ohun tí ó sọ ni pé kí oníkálukú ṣe èyí tí ọwọ́ rẹ̀ ká.

Ìlú wo ni kí a lọ? Èkó kọ́kọ́ wá sọ́kàn nítorí òkun, àti nítorí pé láti oṣù kẹfà ọdún 2021 ni ọkọ̀ ojú irin tuntun ti ń gbé èrò láàárín Mọ́níyà ní Ìbàdàn àti Èkó. Ọmọkùnrin mi ti fi ojú ọkàn wọ ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n Ìwó sí Ìbàdàn, Ìbàdàn sí Èkó, pẹ̀lú ọmọ ọdún 4 àti ẹrù, yóò gba ọjọ́ kan ní àlọ àti ọjọ́ kan ní àbọ̀. A tún wo Abẹ́òkúta nítorí Òkè Olúmọ, a sì wo Òṣogbo nítorí igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní ọdún 2005. Òṣogbo kò jìnnà, ọjọ́ kan ni a lè fi lọ kí a sì dé, nítorí náà a pa á mọ́ fún ìgbà mìíràn. Ìbàdàn ni a fẹnu kò sí. Kò ju bí kìlómítà 45 lọ sí ìlú wa, bí a bá gba Lálúpọn. Ó tóbi tó láti gba ìfẹ́ inú ọmọ mẹ́ta. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọmọ wa àgbà fi Yunifásítì Ìbàdàn ṣe ààyò rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìwé JAMB.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan lẹ́yìn oúnjẹ, a pe ìpàdé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Inú àwọn kékeré dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n wọn tẹ orí ba, ó ní, “Mọ́mì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí n dúró sílé pẹ̀lú ìyá àgbà. Ẹ̀yin àti àwọn àbúrò mi ẹ máa lọ.” Bàbá rẹ̀ fẹ́ bínú, mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Ọmọ náà kò ṣe àfojúdi. Òótọ́ inú rẹ̀ ni ó sọ. Ohun tí ó ń rí ni ọjọ́ mẹ́rin tí yóò máa fa àbúrò lọ́wọ́, tí yóò máa ru báàgì ọmọ, tí yóò máa wo ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ àkọ́bí nílé Yorùbá, ìyá kékeré ni a sábà máa ń sọ ọ́ dà láìbi í léèrè.

Nítorí náà ni a ṣe gbé òfin kan kalẹ̀: ẹnìkọ̀ọ̀kan nínú àwa márààrún yóò mú ohun kan ṣoṣo tí ó wù ú, àwọn yòókù yóò sì bá a ṣe é láìráhùn. Àbíkẹ́yìn ní òun fẹ́ rí kìnnìún. Ọmọkùnrin ní òun fẹ́ dé ibi tí ó ga jù lọ ní Ìbàdàn. Ọkọ mi ní òun fẹ́ kírun Jímọ̀ ní mọ́ṣáláṣí ńlá Ọjà-Ọba. Èmi ní mo fẹ́ jókòó sábẹ́ igi fún wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni má pè mí. Nígbà tí ó kan ẹ̀gbọ́n wọn, ó dákẹ́ títí, ó wá ní bí ó bá jẹ́ dandan, òun fẹ́ wo inú yunifásítì, kì í ṣe láti inú ọkọ̀, bí kò ṣe kí òun fi ẹsẹ̀ rìn ín. Mo tún fi ipò akápò lé e lọ́wọ́. Òun ni yóò di owó ìrìn-àjò mú, òun ni yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀, òun ni yóò máa sọ pé ó tó tàbí kò tó. A sì ṣèlérí fún un pé èmi àti bàbá rẹ̀ ni a ó máa mójú tó àbúrò rẹ̀ kékeré. Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni ó ti mú bírò.

Iṣẹ́ ìwé ìròyìn tí mo ṣe fún ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ mi pé a kì í gbé ìròyìn jáde láìfi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo lo irú ọgbọ́n kan náà níbí. Ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó lọ, mo pe àwọn ibi tí a fẹ́ dé lórí fóònù: ṣé ẹ ṣí? Aago mélòó? Eélòó ni ọmọdé, eélòó ni àgbà? Ibì kan wà tí wọ́n polówó gan-an lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n nígbà tí mo pè, ẹni tí ó gbé fóònù ní àwọn ti tì í láti oṣù mélòó kan fún àtúnṣe. Bí a bá ti kó ọmọ mẹ́ta dé ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, ẹkún ni ì bá gbẹ̀yìn ọjọ́ náà.

Ọ̀nà márùn-ún ni akápò wa pín owó sí: ọkọ̀, ilé ìsùn, oúnjẹ, owó àwọléwò, àti ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Kí a lè dín ti oúnjẹ kù, a gbé ìrẹsì, ẹyin sísè àti omi láti ilé fún ọjọ́ àkọ́kọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, àmàlà Ìbàdàn kò ní kí ẹni má rà á. Èmi fi oògùn ibà, oògùn ìgbẹ́ gbuuru àti aṣọ òtútù ọmọ kún ẹrù. A kọ orúkọ wa àti nọ́ńbà fóònù wa sí pépà, a fi sínú àpò aṣọ àbíkẹ́yìn, a sì kọ́ ọ ní orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́kùn-únrẹ́rẹ́, nítorí ọmọ tí ó mọ “Dádì” nìkan kò ní í ran ẹni tí ó bá rí i lójú ọjà lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ilé ìsùn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò ìyá ọkọ mi ń gbé ní Ìbàdàn. Nígbà tí ìyá ọkọ mi gbọ́ pé a fẹ́ gba yàrá ní ilé àlejò, ó ní, “Ẹ ó ní ẹbí n’Ìbàdàn, ẹ ó lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì? Kí ni kí n sọ fún àbúrò mi?” Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìtumọ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó bá fo ilé ẹbí kọjá ti sọ ọ̀rọ̀ kan láìlanu. Ṣùgbọ́n ènìyàn márùn-ún fún alẹ́ mẹ́ta nínú yàrá méjì ìyá àgbàlagbà, wàhálà ni a fẹ́ kó bá a. A kúnlẹ̀, a ṣàlàyé, a sì pín in: alẹ́ méjì ní ilé àlejò, alẹ́ kẹta lọ́dọ̀ àǹtí náà, pẹ̀lú iṣu àti gàrí láti Ìwó. Ojú ìyá wá rọ̀. Mo ń sọ èyí nítorí pé ìwé tí àwọn òyìnbó ń kọ nípa ìsinmi ẹbí kì í mẹ́nu ba ìyá ọkọ, bẹ́ẹ̀ ètò tí kò bá gba ti àgbà ilé rò, ẹnu ọ̀nà ni yóò ti dàrú.

A yan oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa. Òjò kì í ṣe ohun tí a fi ń ṣeré ní Ìbàdàn. Oṣù kẹjọ yìí kan náà, ní ọdún 1980, ni odò Ògùnpa kún bo ìlú, tí ó gba ẹ̀mí, tí ó sì ba ọgbà Agodi jẹ́. Nítorí náà, oṣù tí òjò ń sinmi náà gba kí ènìyàn ní ètò kejì lọ́wọ́, bí ojú ọ̀run bá ṣú.

Ọjọ́bọ̀ ni a gbéra, ní òwúrọ̀, nítorí a kì í fi ọmọ rin ọ̀nà lálẹ́ ní irú àkókò yìí. Ọmọ ọdún 4 ni a fi ṣe aago wa. Bí ó bá ti di aago kan ọ̀sán, oorun ni. Ìdí nìyí tí a fi fi ohun kan ṣoṣo sí òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan àti ohun kan ṣoṣo sí ìrọ̀lẹ́. Ọgbà Agodi tí a ti tún ṣe ni a lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́. Àwọn kékeré sáré títí ó fi rẹ̀ wọ́n, mo sì rí wákàtí mi lábẹ́ igi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì rẹ̀ ni mo rí gbà.

Ní òwúrọ̀ Jímọ̀, a lọ sí Òkè-Ààrẹ, níbi tí ilé gogoro Bower wà. Ọdún 1936 ni wọ́n kọ́ ọ ní ìrántí Ọ̀gágun Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn. Láyípo ni àwọn ará ìlú ń pè é, nítorí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tí ń yí bí ìgbín. Àbíkẹ́yìn kò lè gun un, nítorí náà a pín sí méjì: èmi àti rẹ̀ dúró nísàlẹ̀, a ń ka ewúrẹ́, bàbá wọn kó àwọn méjì yòókù gòkè. Àwọn òbí kan gbà pé bí ẹbí bá jáde pọ̀, wọn kò gbọdọ̀ yà lára wọn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìpínyà ìdajì wákàtí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dá ẹlòmíràn dúró. Nígbà tí wọ́n sọ̀kalẹ̀, ọmọkùnrin mi kò lè dákẹ́: òrùlé lọ bẹẹrẹ títí ojú kò fi tó o mọ́! Bàbá wọn sọ fún mi nígbà tí ó yá pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bi òun lókè: níhà wo ni yunifásítì wà? Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin méjì inú ilé lọ kírun ní Ọjà-Ọba, àwa obìnrin sì lọ sinmi.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà a dúró níwájú Cocoa House ní Dùgbẹ̀. Àjà 26, gíga rẹ̀ tó mítà 105. Ọmọkùnrin mi kà á títí fìlà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ lórí rẹ̀. Òun gan-an ni ó mọ ìdí tí a fi ń pe irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àwòṣífìlà. Bàbá rẹ̀ sọ fún un pé owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ, pé wọ́n parí rẹ̀ ní ọdún 1965, àti pé Ilé Àwọn Àgbẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ pè é. Ọmọ náà dákẹ́, ó wá ní, “Ṣé kòkó tí bàbá àgbà gbìn wà níbẹ̀?” Bàbá ọkọ mi gbin kòkó lóko Ìwó títí ó fi dàgbà. A sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ni, pé owó àwọn àgbẹ̀ bí i bàbá àgbà rẹ̀ wà lára ohun tí ìjọba Awólọ́wọ̀ fi dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1955, tí ìyá àgbà rẹ̀ fi mọ ìwé kà. Pé ìlú Ìbàdàn yìí náà ni tẹlifíṣọ̀n àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1959. Ó fi ọwọ́ kan ògiri ilé náà kí a tó kúrò. N kò rò pé ìwé ìtàn kan lè ṣe ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn ṣe.

Sátidé ni ọjọ́ tí ètò wa so èso jù lọ, nítorí ibì kan ṣoṣo ni ó gba gbogbo wa. Ọdún 1948 ni yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kó ẹranko jọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka ìmọ̀ ẹranko, ní ọdún 1974 ni ó sì di ọgbà ẹranko tí ará ìlú ń wọ̀. Àbíkẹ́yìn tí ó ti ń kígbe kìnnìún láti Ìwó, bí ó ti rí i, ẹ̀yìn aṣọ bàbá rẹ̀ ni ó sá sí. Ìjàpá ni ó dì mọ́, nítorí ó mọ̀ ọ́n láti inú àlọ́ ìyá àgbà, ó sì ń bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni rí ojúlùmọ̀. A fi òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sílẹ̀ pẹ̀lú bàbá wọn. Èmi àti àkọ́bí mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

A rìn kọjá Trenchard Hall àti ilé gogoro aago rẹ̀, a dé iwájú ilé ìkówèésí Kenneth Dike, a sì rìn dé ilé Queen Elizabeth tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin ń gbé. Ó dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó ń wo aṣọ tí àwọn ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ sá. Ó wá bi mí láìwo ojú mi pé, “Mọ́mì, bí mo bá wọ ibí, ṣé ẹ ó máa wá wò mí?” Ìgbà náà ni mo mọ ohun tí ó wà nídìí “ẹ jẹ́ kí n dúró sílé.” Ọmọ tí ó fẹ́ fi ilé sílẹ̀ láìpẹ́ ni, kò sì fẹ́ fi ọjọ́ tí ó kù fún un nínú ilé ṣòfò ní òde. Mo ní kìlómítà 45 ni, pé a ti rìn ín, pé ọmọ ọdún 4 pàápàá ti mọ ọ̀nà.

Ẹ̀yin òbí, bí ẹ bá fẹ́ dán irú èyí wò, ohun tí mo lè fi lé yín lọ́wọ́ kò pọ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè kí ẹ tó yan ibi. Ẹ fún èyí àgbà ní iṣẹ́ tí ó ní iyì, kì í ṣe iṣẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀. Ẹ fi èyí kékeré ṣe ìwọ̀n ìrìn, kí ẹ sì yà fún ara yín díẹ̀ kí èyí àgbà lè rìn dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e dé. Ẹ wá ibi tí ohun mẹ́ta wà pọ̀ ju ibi mẹ́ta lọ. Ẹ pe ibẹ̀ kí ẹ tó lọ, ẹ sì kí ẹbí tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí kò ní agbára ọjọ́ mẹ́rin lè fi ọjọ́ kan ṣe é. Ará Òṣogbo lè wá sí Ìwó, ará Ìwó lè lọ sí Ọ̀yọ́.

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹta, nílé àǹtí, akápò wa ka ìṣirò rẹ̀ sétí gbogbo wa: owó díẹ̀ ṣẹ́kù nínú ti ohun tí a kò rò tẹ́lẹ̀. Inú mi dùn sí i, ṣùgbọ́n ìṣirò mìíràn ni ó ń yí nínú mi. Bí àbíkẹ́yìn wa bá fi pé ọdún 11, tí yóò lè gun Láyípo fúnra rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin yóò ti pé 18, àkọ́bí yóò sì ti pé 23, ó lè ti wà ní ibòmíràn pátápátá. Ọdún tí gbogbo ọmọ yóò fi wà lábẹ́ òrùlé kan kò gùn tó bí a ti rò. Àwa òbí máa ń sọ pé kí wọ́n dàgbà ná, kí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, kí ọwọ́ wa rọ̀ díẹ̀. Ọjọ́ orí wọn kò ní í sún mọ́ra ju báyìí lọ láéláé. Ìṣirò yìí ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ ṣe, kí a tó wá ṣe ti owó ọkọ̀.